Ẹni tí Yóò Gbé Bàbá Jáde

“Ó yá, ẹ gbé wọn,” ni obìnrin ìjọba náà wí. “Láti orí ibùsùn dé ẹnu géètì.”

Dàpọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyin ẹtù lọ ń fò yí i ká. Ó ń tan iná pupa sí i ní apá, ó ń tan án sí i lẹ́yìn, ó ń wá irin tàbí wáyà tí ó lè ti fi pamọ́ sára. Ojú ni àwọn ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, iná rẹ̀ di funfun, ó sì fò lọ dúró sí òkè ilẹ̀kùn.

Ní igun yàrá, Ọmọ-irin dúró láìmira. Òun ni ó máa ń gbé Bàbá dìde láràárọ̀, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń fún un lóúnjẹ, tí ó sì ń gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè yá oòrùn. Obìnrin náà ti pa á kí ó tó sọ ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà nínú gbogbo ilé nìyẹn: wọn á pa ẹ̀rọ, wọn á wá wo ohun tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè ṣe.

“Ẹ má bínú o, Bàbá,” ni Dàpọ̀ wí.

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Gbé mi.”

Ó ki ọwọ́ kan sábẹ́ itan bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbá a mú lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí ó ti fọwọ́ kan ara bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá sígbọnlẹ̀. Kí rọpárọsẹ̀ tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti apá òsì, ó máa ń tẹ orí ba kí ó tó lè wọ ilé onílé. Dàpọ̀ ní tirẹ̀ ti lé lógójì ọdún, orí àga ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó ń fi ẹnu darí àwọn ẹ̀rọ tí ń ká ọsàn lóko àwọn olówó. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, ó kó àwọn ọmọ dání, ó ku òun àti Bàbá àti ẹ̀rọ nínú ilé. Nǹkan tí ó wúwo ju ife tíì lọ kì í sábà dé ọwọ́ rẹ̀.

Ó gbé e. Ó kọjá pálọ̀. Ibi tí ó ti fẹ́ fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ìta ni apá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò ti dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, nítorí gbogbo ènìyàn ní Ìtòkò ni ó máa ń mọ ọjọ́ tí obìnrin ìjọba bá wá. Eékún Dàpọ̀ yẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì, Bàbá yí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí ilẹ̀. Ìró aṣọ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ tú, itan rẹ̀ wà níta gbangba.

Ohun tí Dàpọ̀ kọ́kọ́ wò ni ojú àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó wo bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé Bàbá rí òun.

“Ẹ má dá a lẹ́bi,” ni Bàbá wí láti ilẹ̀. “Èmi ni mo gbọn ara. Ẹ̀fọn ló jẹ mí lẹ́sẹ̀.”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ Bàbá kò lè mọ̀ bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́.

Obìnrin ìjọba náà, Arábìnrin Láwúyì, kúnlẹ̀, ó fi aṣọ bo Bàbá. “Òfin fún yín láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i,” ni ó sọ fún Dàpọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó ti sọ ọ́ nínú ilé púpọ̀. “Tí òjò àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró, ẹ óò tún rí mi. Ẹ wá jíìmù kan, kí ẹ darapọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ọkọ̀ Ilé Ìtura ni yóò wá gbé wọn lọ.”

Nígbà tí ó lọ tán, Dàpọ̀ tan Ọmọ-irin. Ẹ̀rọ náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé Bàbá nílẹ̀ bí ẹni ń mú aṣọ lórí okùn. Bàbá di ojú nígbà tí ó gbé e.

*

Gbé-Bàbá-Rẹ ni àwọn ènìyàn sọ òfin náà lórúkọ. Ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òbí rẹ̀ jáde bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ kú, ìjọba á kó òbí náà lọ sí Ilé Ìtura, ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Láti ìgbà tí ó ti jáde ni jíìmù ti ń hù káàkiri Abẹ́òkúta bí olú. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin ìjọ, wọn kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń dúró de àyè níbẹ̀ ti tò dé títì. Jíìmù tí kò sí ẹni tí ó mọ òun níbẹ̀ ni Dàpọ̀ ń wá ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi kọjá gbogbo èyí tí ó wà nítòsí, tí ó lọ sí Òkè-Ìlẹ̀wọ́, níbi tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀-Ara.

Orí òkè pátápátá nínú ilé gíga kan ni Ìmọ́lẹ̀-Ara wà. Ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sùn, aṣọ tí ó kún fún wáyà wà lára wọn. Ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀, apá ẹnì kan á ta kìjì, á tún dẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, níbí, ẹnikẹ́ni kì í kérora,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ibẹ̀ wí. Ládépò ni ó ń jẹ́, aṣọ rẹ̀ funfun gbòò. “Ẹ̀yin ẹ sáà sùn. Bẹ́ẹ̀dì ni yóò máa fa iṣan yín. Ẹ óò jí, ẹ óò ti ṣe eré ìdárayá tí àwọn ará àtijọ́ fi ń làágùn.”

“Ṣé agbára mi á ti tó kí àrọ̀kúrò tó tán?”

Ládépò wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé.

“N kò ní purọ́ fún yín. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n okùn kan wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Dókítà wa a máa fi í sábẹ́ awọ, láti èjìká títí dé ọrùn ọwọ́. Bátìrì tí ó fi ń fún apá lágbára kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ojú ìjọba kò lè rí i.”

“Òfin ńkọ́?”

“Òfin ní kí ẹ gbé bàbá yín. Ẹ óò gbé wọn.”

“Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?”

“Okùn náà á sùn títí iná á fi dé.” Ládépò rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìgbà wo ni wọ́n mú iná lọ gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n?”

Dàpọ̀ ní òun máa rò ó. Bí ó ṣe ń jáde ni ó rí ọkùnrin kan tí ó jí lórí bẹ́ẹ̀dì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódipọ̀ ni. Ọkùnrin yìí gbé ìyá rẹ̀ láti yàrá dé géètì lọ́dún tó kọjá, ó tún gbé e padà wọlé, gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ ọmọ tó dára hàn. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ láti èjìká títí dé ọrùn ọwọ́. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Ṣódipọ̀ yí ojú sí ògiri.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó lọ wo èkejì. Ilé epo àtijọ́ kan ni, láti ìgbà tí mọ́tò ṣì ń mu epo, lẹ́bàá ọ̀nà Arégbà. Òrùlé rẹ̀ ti ya lápá kan. Abẹ́ rẹ̀ kún fún àwọn ènìyàn tí ó ń làágùn, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn kò ní bẹ́ẹ̀dì, wọn kò ní wáyà. Àpò iyanrìn tútù tí wọ́n rán bí ènìyàn, tí ó ní apá tí ó ní ẹsẹ̀, ni wọ́n ń gbé láti igun kan dé igun kejì. Àwọn kan sì ń gbé ẹnìkejì wọn.

Obìnrin kan tí ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wá bá a. Kóòṣì Fadérera ni wọ́n ń pè é.

“Ta lo fẹ́ gbé?”

“Bàbá mi ni, Màmá.”

“Ṣé wọ́n tóbi?”

“Wọ́n tóbi jù mí lọ.”

“Dùbúlẹ̀.”

Dàpọ̀ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Ẹ ní kí n kín ni?”

“Dùbúlẹ̀ sórí ẹní yẹn, kí o jọ̀wọ́ ara rẹ. Ẹni tí wọn kò tíì gbé kì í gbé ènìyàn níbí.” Ó yíjú sẹ́yìn. “Jọkẹ́, wá gbé èyí.”

Ẹni tí ó wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, orí rẹ̀ kò ju àyà Dàpọ̀ lọ. Ó kí i, ó ní ìyá ọkọ òun ni òun ń kọ́ láti gbé. Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dùbúlẹ̀, ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Jọkẹ́ fà á jókòó, ó gbá a mú, ó mí sínú, ó sì dìde pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Dàpọ̀. Orí rẹ̀ ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Òógùn obìnrin náà kan imú rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ̀wù rẹ̀ ká sókè, ikùn rẹ̀ hàn, kò sì lè na ọwọ́ láti fà á sílẹ̀ nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn á já òun lulẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan kí Jọkẹ́, Jọkẹ́ sì dá a lóhùn, bí ẹni tí ó gbé igbá dání. Dàpọ̀ di ojú. Bí ó ti di ojú ni ó rántí pé Bàbá a máa di ojú tirẹ̀ náà, ní gbogbo ìgbà tí Ọmọ-irin bá ti gbé e.

Nígbà tí Jọkẹ́ gbé e kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Èmi náà sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi,” ni Jọkẹ́ sọ fún un pẹ̀lẹ́.

“N kò sunkún.”

“Ó dáa.”

Ó sọ fún Kóòṣì pé òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ mú aṣọ wá. Ó rìn títí tí kò fi rí òrùlé ilé epo náà mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́nu, tí ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tí ó ń lò bíi fóònù, tí ó sì ní kí ó kọ orúkọ òun sílẹ̀ ní Ìmọ́lẹ̀-Ara. Kì í ṣe torí pé ibẹ̀ dára jù ni ó ṣe yàn án. Ó yàn án torí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e níbẹ̀.

*

Kò gba okùn náà. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gbìyànjú bẹ́ẹ̀dì ná, Ládépò sì ní kò burú, àyè okùn náà wà nígbàkígbà. Dàpọ̀ ń lọ sùn níbẹ̀, ó ń jí, ó ń padà wálé. Bí ó bá ti dé, òun àti Bàbá á dán an wò. Wọn á pa Ọmọ-irin, Dàpọ̀ á sì gbé e.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eékún tí ó fi ṣubú kò jẹ́ kí ó lè kọjá pálọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó dé àtẹ̀gùn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lemọ́lemọ́, ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn yọ díẹ̀, ó gbé Bàbá láti orí ibùsùn dé ẹnu géètì, apá rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó dúró síbẹ̀ kí àwọn tí ń kọjá lè rí wọn.

“Ìwọ náà rí i,” ni Bàbá wí sí i létí. “O ti di ọkùnrin.”

Inú Dàpọ̀ dùn débi pé ó pe Ládépò, ó ní òun kò nílò okùn kankan. Ó yọjú sí àwọn ará ilé kejì, ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti ṣubú. Wọ́n bá a yọ̀. Ìyàwó ilé náà ní Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tòun náà fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́jú òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n wá mú Ọmọ-irin lọ fún àyẹ̀wò, nítorí eruku ti wọ oríkèé rẹ̀. Dàpọ̀ ní kò sí wàhálà, òun á wẹ Bàbá fúnra òun.

“Má ṣe ìyọnu,” ni Bàbá wí kíákíá. “Màá dúró dè é.”

“Kí lẹ fẹ́ dúró dè é fún? Ṣebí ọwọ́ mi ti le.”

Ó pọn omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, ó bọ́ ẹ̀wù Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì tí ó kẹ́yìn.

Egungun ìhà bàbá rẹ̀ ṣeé kà. Kòtò ọrùn rẹ̀ jìn débi pé omi lè dúró nínú rẹ̀. Awọ ikùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù. Ẹ̀wù ńlá tí Ọmọ-irin ń wọ̀ fún un lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kí a rí i. Dàpọ̀ ti gbé ara yìí mọ́ àyà láìmọye ìgbà, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí ó gbà lọ́kàn ni pé agbára òun ni ó ń pọ̀ sí i.

Ó wẹ̀ ẹ́, ó sì wọ ẹ̀wù ńlá náà fún un padà. Nígbà tí wọ́n dá Ọmọ-irin padà nírọ̀lẹ́, Dàpọ̀ dúró síwájú rẹ̀ ní kíṣìnnì.

“Kí ni Bàbá jẹ lónìí kí wọ́n tó mú ọ lọ?”

“Omi,” ni ẹ̀rọ náà dáhùn, “àti ṣíbí ẹ̀kọ díẹ̀.”

“Oúnjẹ tí mo ní kí o máa sè ńkọ́?”

“Mo ń sè é. Bàbá ní kí n máa dà á sí ẹ̀yìn ọgbà fún àwọn ewúrẹ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí obìnrin ìjọba wá.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ kò béèrè,” ni Ọmọ-irin wí.

*

Bàbá ti mọ̀ kí Dàpọ̀ tó wọlé. Ó yíjú sí fèrèsé.

“Ebi kì í pa arúgbó tó bí o ṣe rò,” ni ó wí.

Dàpọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé orí lé eékún. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò rí ìbínú náà. Ohun tí ó ń rí ni ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, tí ó gbé ebi bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń fi í yangàn fún àwọn tí ń kọjá.

“Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn,” ni Bàbá tún wí. “Nígbà tí a ṣubú. N kò fẹ́ kí o tún ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí mi. Mo ní bí mo bá fúyẹ́ díẹ̀, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

“Bàbá, okùn kan wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ. Lọ́la ni màá lọ ṣe é. Ẹ óò máa jẹun, màá sì máa gbé yín. Ojú ìjọba kò lè rí i.”

“Ṣé kì í lo iná?”

Dàpọ̀ wo apá ara rẹ̀.

“O kò tíì gbọ́njú tó ní Ọdún Òkùnkùn,” ni Bàbá wí. “O mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ẹfúnyẹmí?”

“Mo mọ̀ pé ọdún yẹn ni wọ́n kú.”

“Ọmọ-irin rẹ̀ gbé e lọ́wọ́, ó ń gbé e lọ wẹ̀, ni iná lọ. Ẹ̀rọ náà dúró sójú kan náà, pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, bí ère. A fa ìka rẹ̀, a ki irin bọ àárín wọn, kò ṣí. Wọ́n ṣe é kí ó má baà já ènìyàn sílẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá wa sọ̀rọ̀ láti òkè níbẹ̀. Mo ń gun àpótí láti fún un lómi mu. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Nígbà tí ó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́.” Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún nu ẹnu. “Lọ́jọ́ tí iná dé, ẹ̀rọ náà tẹ̀síwájú níbi tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ó wẹ òkú náà tónítóní, ó sì wọ aṣọ fún un.”

Dàpọ̀ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

“Nítorí náà,” ni Bàbá wí, “má fi okùn kankan bọ apá nítorí tèmi.”

“Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá?”

“Mi ò mọ̀.”

Dàpọ̀ dìde, ó lọ sí kíṣìnnì. Ó pa Ọmọ-irin, ó sì se ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó jóná nísàlẹ̀, iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ó gbé e wá, ó gbé Bàbá jókòó ti ìrọ̀rí, ó sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bàbá jẹ ẹ́ láìṣàròyé, títí ó fi dé ìdajì àwo.

“Bí mo bá ń jẹ báyìí,” ni ó wí, “màá wúwo.”

“Ẹ máa wúwo, Bàbá,” ni Dàpọ̀ dá a lóhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wúwo.”

*

Ó padà sí ilé epo àtijọ́ náà nínú òjò. Lọ́nà, ó ti ń ro ohun tí wọn yóò sọ, bí wọn yóò ṣe máa wo ara wọn nítorí ọkùnrin tí ó lọ mú aṣọ tí kò padà. Kóòṣì Fadérera wò ó, ó bi í pé, “Ta lo fẹ́ gbé?” Kò rántí rẹ̀ rárá. Àfi Jọkẹ́ nìkan ni ó juwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán.

“Bàbá mi ni,” ni Dàpọ̀ wí. Kí Kóòṣì tó ní kí ó dùbúlẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀.

Ó ń lọ lójoojúmọ́. Wọ́n gbé e, ó sì gbé àwọn ẹlòmíràn. Ó gbé àpò iyanrìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún débi pé ní àárọ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí Ọmọ-irin gbé òun dìde. Nílé, Bàbá ń jẹun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún padà. Bí agbára Dàpọ̀ bá ti yọ díẹ̀, ìwúwo Bàbá á ti ṣáájú rẹ̀.

“N kò ní tàn ọ́,” ni Kóòṣì sọ fún un nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. “Òjò yóò dá kí apá rẹ tó gbà á. Lẹ́yìn ọdún, bẹ́ẹ̀ ni, wàá gbé e. Ní báyìí, kò tíì tó.”

“Ṣé kí n má wulẹ̀ wá mọ́ ni?”

“Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?” Ó ju àpò iyanrìn sí i.

*

Arábìnrin Láwúyì dé ní àárọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó pa Ọmọ-irin. Ojú fò yí Dàpọ̀ ká, ó di funfun. Àwọn aládùúgbò ti wà lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódipọ̀ wà láàárín wọn, ó di apá méjèèjì lé àyà.

Bàbá ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó wúwo.

Dàpọ̀ gbé e bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fà á mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ó fi itan dìde. Ó kọjá pálọ̀. Ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó já sí àgbàlá, géètì wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni agbára apá rẹ̀ ti tán. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣẹlẹ̀. Dípò kí ó ṣubú, ó tẹ eékún rẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé Bàbá kalẹ̀ lórí iyanrìn.

Ẹnì kan ṣe hùn-ún lẹ́yìn ọgbà. Arábìnrin Láwúyì tẹ̀ síwájú.

“Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀, ó dùn mí pé…”

“Fà mí,” ni Bàbá wí.

Dàpọ̀ wò ó.

“Mo ní kí o fà mí. Kí lò ń wò?”

“Àwọn ènìyàn wà níta, Bàbá.”

“Mo rí wọn.”

Dàpọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń wọ́ àpò iṣu. Gìgísẹ̀ Bàbá ń fa ilà méjì sílẹ̀. Ìró rẹ̀ tú, ó kù sẹ́yìn. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ìgúnpá ti ara rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Awọ ìgúnpá náà bó. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì gbá a lẹ́nu. Dàpọ̀ gbé ojú sókè, ó rí gbogbo wọn, ó rí Ṣódipọ̀. Ìtìjú gbóná lé e lójú bí iná. Ó ń wọ́ bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n kọjá géètì, ẹ̀yìn Dàpọ̀ kan ògiri ilé tó wà ní òdìkejì, àwọn méjèèjì sì jókòó lulẹ̀ pọ̀.

Arábìnrin Láwúyì tẹ̀lé wọn jáde. Ó dúró tì wọ́n.

“Òfin ní kí ẹ gbé wọn ni,” ni ó wí.

“Ìyá mi,” ni Bàbá wí, ó ń wá èémí, “bí ilé bá ń jó, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Kí ó fi mí sílẹ̀ kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn?”

Obìnrin náà yíjú sí àgbàlá. Ó wo ilẹ̀, ó wo ipa ẹsẹ̀ méjì tí ó wá láti inú àgbàlá. Ó na ọwọ́, Ojú sì fò wá bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ti jáde,” ni ó sọ sínú ẹ̀rọ náà. Ó pa á, ó sì fi í sínú àpò. “Ọkọ̀ Ilé Ìtura kò ní wá. Màá tún wá lẹ́yìn ọdún, Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀. Kí n bá yín lórí ìdúró nígbà yẹn.” Ó yíjú sí ilé. “Ẹ jẹ́ kí n lọ tan Ọmọ-irin, kí ó gbé Bàbá wọlé.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ ná,” ni Bàbá wí. “A fẹ́ jókòó díẹ̀.”

Ìyàwó ilé kejì mú ìró náà wá, ó tẹ́ ẹ lé Bàbá lẹ́sẹ̀, ó sì padà láìwo ojú wọn. Bàbá kò lè fi ara rẹ̀ jókòó, nítorí náà Dàpọ̀ jẹ́ kí ó fẹ̀yìn ti àyà òun. Apá rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí ikùn bàbá rẹ̀. Kò lè gbé wọn kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ti ń lọ sílé, àwọn kan ṣì dúró, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ojú ń ti Dàpọ̀ gidigidi. Kò dìde.